Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìlànà Ilé Iṣẹ́ Tí Yóò Dáàbò Bo Gbogbo Òṣìṣẹ́: Fún Ẹ̀yin Obìnrin Tó Wà Nípò Àṣẹ

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe máníjà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè sínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo wà ní Odógunyán, ní Ìkòròdú níbí. Èmi ni mo ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, èmi ni mo ń kọ ìwé ìgbéga, ọ́fíìsì mi náà sì ni wọ́n ti máa ń wá sunkún. Nínú àwọn tó ń wá sunkún, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń dá wọn lágara. Ẹnu ènìyàn ni. Obìnrin tí wọ́n ní ọ̀gá ló gbé e dé ipò. Opó tí wọ́n ní òun ló pa ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní "Sìsí" nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láti Ìta Ẹlẹ́wà títí dé géètì. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò tíì lọ́kọ, tí wọ́n wá ń fura sí ọ̀rẹ́bìnrin tí wọ́n jọ ń gbé.

Èmi gbà pé obìnrin tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin ilé iṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde, nítorí òun náà ti jẹ nínú ìyà ẹnu yẹn kó tó débẹ̀. Alison Cook àti Christy Glass, olùkọ́ ní Utah State University l'Amẹ́ríkà, yẹ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé èyí tí obìnrin àti ọkùnrin jọ wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ ló máa ń ní ìlànà tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ LGBTQ jù, ìyẹn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tó lè fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba ipò akọ tàbí abo tí wọ́n bí i sí. Kò yà mí lẹ́nu.

Òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ má gbé gègé kí ẹ tó mọ ibi tí òfin dúró sí. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin. Ó fi ọdún 10 sí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó wà nínú rẹ̀, tàbí tó ń ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ní London tàbí New York máa ń ṣe, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ LGBTQ sílẹ̀, kí wọ́n sì ta àsíá wọn sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbé e wá sí Ìkòròdú. Ẹni tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ lẹ máa tì sínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ má kó orúkọ jọ. Ẹ má béèrè nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni wá jẹ́wọ́ ara rẹ̀ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka òfin yẹn. Kò sí ibi tó ti ní kí agbanisíṣẹ́ lé òṣìṣẹ́. Kò sí ibi tó ti ní kí wọ́n bú ènìyàn, kí wọ́n lù ú, kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni àyè tiwa wà, ó sì fẹ̀ ju bí àwọn ọ̀gá ṣe rò lọ.

Abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 lòdì sí ìdẹ́yẹsí nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú tàbí èrò òṣèlú. Láti 2010 ni àtúnṣe ìwé òfin ti fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lágbára láti dá ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí àti ìyọlẹ́nu nípa ìbálòpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí ìyọlẹ́nu yìí. Ní 2022, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tó lòdì sí ìwà ipá àti ìdààmú lẹ́nu iṣẹ́, fún gbogbo òṣìṣẹ́, tó fi mọ́ ọmọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń wáṣẹ́. Òfin 2014 mìíràn tún wà tó dáàbò bo ẹni tó ní kòkòrò HIV. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023. Ó ka ìlera ènìyàn, ẹ̀sìn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ rẹ̀ mọ́ ìsọfúnni tí a gbọ́dọ̀ pamọ́ ju èyí tó kù lọ. Máníjà tó bá ń sọ káàkiri káńtíìnì pé lágbájá ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fọwọ́ kan ohun tí òfin ní kó má fọwọ́ kàn.

Bí ilé iṣẹ́ yín bá ń tajà sí òkèèrè, ẹ mọ̀ pé òfin àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà dá a ní 2020 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó ń fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí abo. Ìwé òfin Gúúsù Áfíríkà ti fi irú ààbò yìí sínú láti 1996. Obìnrin kan, Beth Ford, tó ń fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà Land O'Lakes, ilé iṣẹ́ ńlá kan l'Amẹ́ríkà tó ń ṣe bọ́tà àti wàrà, ní 2018. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lè bi yín pé báwo lẹ ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ yín. Ó dára kí ẹ ti ní ìwé tí ẹ máa fi hàn wọ́n.

Kí ẹ tó wọ ìpàdé

Obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kàn fò lọ ni. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí obìnrin pọ̀ sí i lórí tábìlì yẹn, iṣẹ́ yìí sì máa ń pẹ́. Ní 2012, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa pinnu pé kí obìnrin tó ìdá 30 nínú 100 nínú ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì, kí wọ́n sì tó ìdá 40 láàárín àwọn máníjà àgbà. Ní 2015, Ibukun Awosika di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ alága First Bank. Ní 2021, Miriam Olusanya di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń darí GTBank. Àwọn ilé iṣẹ́ Odógunyán kò sí lábẹ́ báńkì àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè mú nọ́ńbà yẹn wọ ìpàdé. Ọ̀gá tó ń yáwó ní báńkì kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ẹ wo ohun tó ń dí obìnrin lọ́nà nínú ilé iṣẹ́ tiyín gan-an. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Abala 55 nínú òfin òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí obìnrin ṣe iṣẹ́ òru nínú ilé iṣẹ́ bíi tiwa, àfi nọ́ọ̀sì àti àwọn tó wà nípò máníjà tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Bí ilé iṣẹ́ bá wá sọ pé ẹni tó bá fẹ́ di súpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ òru rí, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò ní kó má gòkè, síbẹ̀ kò ní gòkè láéláé. Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìwé ìgbéga. Ẹ fi iṣẹ́ tó mọ̀, ìdánwò ẹ̀rọ àti ìwé ààbò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo ìsinmi ìbímọ náà. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin òṣìṣẹ́ fi lélẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù fún ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Òfin yẹn kò béèrè ìwé ìgbéyàwó, ẹ̀yin náà ẹ má béèrè. Ìjọba Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù 6 láti 2014, pẹ̀lú ọjọ́ 10 fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bímọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ nílé wọn kí ìpàdé tó dé. Ẹ má jẹ́ kí orí tábìlì ìpàdé jẹ́ ibi tí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní ìpàdé tiwa, ọ̀kan tí mi ò tíì rí nílé ló dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé tí mo pín, ó ní:

"Ìyá Tọ́lá, ṣé àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa mú lẹ fẹ́ kó wá bá wa níbí?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, kí ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́ nínú rẹ̀ fún mi, màá pa á rẹ́."

Mo kà á. Bàbá ní kí n tún un kà. AC ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá wá ní, "Ìyàwó ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan l'Ékòó. Ohun tí ojú ẹ̀ ń rí níbẹ̀ lẹ kọ síbí yìí." Wọ́n gbé awò wọn wọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo tún rán wọn létí pé Erelú wà nínú Òṣùgbó, pé àwọn baba wa kò dá ìlú ṣe láìsí obìnrin nídìí ọ̀rọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Gbólóhùn náà

Òun nìyí. Ẹ lè mú un lọ báyìí:

"Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀, ìṣe, àwòrán tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tàbùkù ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ dù ú ní iṣẹ́, owó tàbí ìgbéga, nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àìlera, àìsàn tàbí oyún, nítorí pé ó ṣègbéyàwó tàbí kò ṣe é, nítorí bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tàbí bó ṣe ń múra, tàbí nítorí ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rò tàbí sọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́."

Apá tó kẹ́yìn yẹn ló ru ẹrù jù. Ẹni tí wọ́n bú kò ní láti wá sọ pé irọ́ ni, kò sì ní láti sọ pé òótọ́ ni. Ohun tí ẹni tó bú u sọ nìkan ni ẹ máa yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá pe ọmọkùnrin kan ní orúkọ burúkú nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má bi í pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni o rí?" Ẹ bi ẹni tó pè é pé, "Kí lo sọ? Níṣojú ta ni?" Súpáfáísọ̀ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ ìbéèrè méjèèjì yìí, ẹ má tíì fi ẹjọ́ kankan lé e lọ́wọ́.

Ẹ fi gbólóhùn kejì tì í, nípa ìhalẹ̀mọ́ni. Gbogbo wa l'Ékòó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní "kito": kí wọ́n dẹ ọkùnrin síbì kan, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tó bá fi àṣírí ẹlòmíràn halẹ̀ mọ́ ọn láti gba owó, iṣẹ́ tàbí ara rẹ̀, lílé ni wọ́n máa lé e. Èyí ń dáàbò bo obìnrin tí wọ́n ní fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, àwọn yẹn sì pọ̀.

Fọ́ọ̀mù àti fáìlì

Ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ yín. Tiwa àtijọ́ béèrè orúkọ ọkọ, iye ọmọ, ilé ìjọsìn àti orúkọ pásítọ̀ tàbí ààfáà. Kò sí èyí tó ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ènìyàn mọ ẹ̀rọ lò. A yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ohun tí owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì nílò nìkan sílẹ̀.

Ní ti ìbátan tí a óò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ẹni tó bá wù ú. Ẹ má béèrè pé "kí ló jẹ́ sí ọ?" Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò ní dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí kálukú mọ̀ pé ọwọ́ òun ni yíyan ẹni tí wọ́n máa pè àti ẹni tí owó adójútòfò yẹn máa kàn wà, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti ṣá tì á máa ń dúpẹ́ fún èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Èsì àyẹ̀wò dókítà kò gbọdọ̀ wọ fáìlì. "Ó lè ṣiṣẹ́" tàbí "kò tíì lè ṣiṣẹ́" nìkan ni dókítà máa kọ ránṣẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni kí fáìlì wà, ẹni méjì péré ni kó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tó délẹ̀ tó sì ṣeé tì látinú. Aṣọ iṣẹ́: ṣòkòtò fún gbogbo ẹni tó bá dúró ti ẹ̀rọ, fún ààbò. Nínú ọ́fíìsì, kí kálukú yan ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ẹjọ́ máa gbà

Kí ẹni méjì ó kéré tán máa gba ẹjọ́, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí wọ́n má sì wà ní ẹ̀ka kan náà. Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, èkejì wà. Ẹ má gbé àpótí ẹ̀sùn sẹ́nu géètì níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń wo ẹni tó ń ju ìwé sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn lè fi Yorùbá, Ègùn tàbí Pidgin ṣàlàyé, kí ẹni tó gbà á kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á padà fún un. Láàárín ọjọ́ 7, kí olùfisùn gbọ́ èsì, ì báà ṣe pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá gbẹ̀san lára olùfisùn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì, ìyà tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ tún kọ WhatsApp ilé iṣẹ́ sínú ìlànà ní tààràtà, torí ibẹ̀ ni fọ́tò àti ẹ̀gàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ tí ọ̀gá kankan kò sí níbẹ̀.

Bí ọlọ́pàá bá mú òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ 2018, ọlọ́pàá mú ọkùnrin 57 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n fi wọ́n han oníròyìn, wọ́n sì gbé 47 lára wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 2020, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó da ẹjọ́ náà nù torí àwọn olùpẹjọ́ kò ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí wọ́n da ẹjọ́ nù, ta ló máa dá iṣẹ́ padà fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ti lé látàrí ohun tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n? Ìwé òfin ní aláìṣẹ̀ ni ènìyàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú ìlànà yín pé mímú nìkan kì í ṣe ìdí láti lé òṣìṣẹ́. Ó máa gba awakọ̀ tí wọ́n mú lójú títì náà, àti ọmọkùnrin tí wọ́n mú nítorí irun orí rẹ̀.

Ọjọ́ Orò

Èyí jẹ́ tiwa ní Ìkòròdú, ilé iṣẹ́ tó wá láti ibòmíràn kì í sì rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ Orò, obìnrin kì í jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀ṣe ìlú, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìlú bá ní kí obìnrin jókòó sílé, ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé owó rẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìsinmi ọdún rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá síṣẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má gbà kí wọ́n ṣe ìpàdé ìgbéga, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tàbí ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pín ipò tán kí àwọn obìnrin tó padà. Tí ààfin bá ti kéde ọjọ́ náà, ẹ fi í sórí kàlẹ́ńdà kíá.

Kí ìlànà má kàn wà nínú dúrọ́ọ̀

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káńtíìnì, ẹ sì kà á sókè fún àwọn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ òru, ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀. Ohùn ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kásúà tí agbaṣẹ́ṣe kó wá gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa ń yọ sílẹ̀, àwọn náà ni ìyà ń jẹ jù.

Tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ rí i pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ìgbìmọ̀ nìkan ló lè yí i padà. Máníjà tó bá gba ipò lẹ́yìn yín kò ní lè fi ìwé kan fagi lé e láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé.